Dókítà Ògúntólá Sapara àti Ààlà Tó Wà Láàrin Oògùn Tó Ní Ẹ̀rí àti Èyí Tí Kò Ní

Ní Owódé Onírin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ibi tí àwọn oníṣòwò irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ pàtẹ sí tí alágbo kì í dé. Ẹni tó fẹ́ agbo ibà yóò rí i rà, ẹni tó fẹ́ agbo jẹ̀dí yóò rí i rà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń wá agbo ọ̀pá ẹ̀yìn. Òpópónà kan náà ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta hóró oògùn òyìnbó wà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro nítorí irin tó gbé lè mu agbo ní òwúrọ̀, kí ó sì gbé hóró oògùn mì ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ti dán wò. Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní Èkó. Láti ọdún 1896 títí di 1928, ọkùnrin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ dókítà ìjọba ní ìlú náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní ilé ìwòsàn òyìnbó, tí èkejì sì wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn kàn ń gbọ́. Ògúntólá Sapara ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Sàró Tó Padà Sí Orúkọ Ìran Rẹ̀

Ìlú Freetown ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, ọdún 1861. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí ogun àti òwò ẹrú gbé kúrò nílé, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì já gbà. Ní 1876, ẹbí náà kó wá sí Èkó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró ìgbà náà ti ń padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1879. Ilé tí àbúrò irú ẹni bẹ́ẹ̀ dàgbà sí kò lè jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń gba ohun gbogbo gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Sapara kọ́kọ́ kọ́ ní Èkó kí ọkàn rẹ̀ tó yí sí iṣẹ́ ìṣègùn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St. Thomas's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní Edinburgh àti Glasgow ní 1895. Nígbà tó yá, ó bọ́ orúkọ Williams sílẹ̀, ó sì gba Ògúntólá Sapara. Àsìkò náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń padà sí orúkọ ìbílẹ̀ wọn. Ní 1894 ni David Brown Vincent di Mojọlá Agbébí. Ní ti Sapara, orúkọ nìkan kọ́ ló fẹ́ gbà padà. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba rẹ̀ mọ̀ nípa ara ènìyàn, kí ó sì mọ èyí tí wọ́n kàn ń rò pé àwọn mọ̀.

Dókítà Ìjọba

Ní 1896, ìjọba Èkó gbà á sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. Ẹni tó bá rò pé ìṣègùn òyìnbó ti fìdí múlẹ̀ pátápátá nígbà náà ṣe àṣìṣe ńlá. Kuníìnì ń ṣiṣẹ́ fún ibà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fún ènìyàn ní kuníìnì kò tíì mọ ohun tó ń fa ibà. Afẹ́fẹ́ búburú inú àbàtà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dá lẹ́bi. Ọdún kan lẹ́yìn tí Sapara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 1897, ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Oògùn tí wọ́n fi mákúrì ṣe, èyí tó jẹ́ májèlé, ṣì wà lára ohun tí àwọn dókítà òyìnbó ń kọ fún aláìsàn. Nígbà tí William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, kí wọ́n sì pín kuníìnì fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀rí tuntun ṣe ń dé ni iṣẹ́ ń yí padà. Ohun tí Sapara rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ó tún rí òmíràn. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, wọ́n sì ṣòfin pé àwọn tí òbí wọn jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun náà. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ di ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀, owó oṣù wọn kéré, ipò wọn kò sì lè ga kọjá ibì kan. Kò sí ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé dókítà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó ń wo ènìyàn sàn ju èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lọ. Àwọn kan náà tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbàgbọ́ tí kò ní ìdí láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀ ló sì ṣe òfin yìí. Sapara kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú Agbo Olóde

Ṣọ̀pọ̀nná ni àìsàn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀-gbóná, tàbí Ọba, tàbí Baba. Bí ó bá pa ènìyàn, ẹbí kì í sunkún rẹ̀ bí wọ́n ti ń sunkún òkú mìíràn. Àwọn àwòrò ló ń gbé òkú náà lọ sin sínú igbó, àwọn náà ló sì ń kó ohun ìní rẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí Olóde bá ti fọwọ́ kàn ti di tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú àṣà yìí fún ẹni tó bá wò ó fínnífínní. Aṣọ àti ẹní aláìsàn ń gbé àrùn náà, yíyọ wọ́n kúrò nílé sì ń dáàbò bo àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú ọgbọ́n náà. Ẹni tí wọ́n fa aláìsàn lé lọ́wọ́ ni ikú aláìsàn náà ń sọ di ọlọ́rọ̀.

Ìbùpá ni ohun tí ìṣègùn òyìnbó ní láti fi kojú àrùn yìí, òun sì ni ohun tó ní ẹ̀rí jù lọ nínú gbogbo àpótí oògùn wọn. Láti 1796 tí Edward Jenner ti kọ́kọ́ dán an wò ni wọ́n ti ń lò ó, tí wọ́n sì ń kà iye ẹni tó gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ooru sì ń ba omi ìbùpá jẹ́. Ẹni tí wọ́n bù lápá pẹ̀lú omi tó ti bàjẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọn kò bù rárá. Bí ṣọ̀pọ̀nná bá wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbà pé irọ́ ni dókítà pa. Oògùn tó ní ẹ̀rí ní Lọ́ńdọ̀nù lè di èyí tí kò ní ẹ̀rí kó tó dé etí ọ̀sà.

Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà náà pé àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ló ń ran àrùn sí ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n. Ó rọrùn láti pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àhesọ. Ó tún rọrùn láti gbà á gbọ́ láìwádìí. Ọ̀nà kẹta, tó le jù, ni Sapara tọ̀. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ awo náà bí ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá mọ ẹni tó jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó má padà wálé. Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe iwin. Ó rí i pé wọ́n ń ha èépá àti ọyún ojú egbò aláìsàn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ohun náà ni wọ́n sì fi ń mú kí àrùn dé ara ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ní òrìṣà ń ṣe, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é, ohun tí ojú lè rí ni wọ́n sì ń lò. Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé èépá ṣọ̀pọ̀nná tó ti gbẹ lè ní agbára àrùn nínú fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Sapara gbé ìròyìn rẹ̀ lọ síwájú ìjọba. Òfin jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún tó fi òpin sí bíbọ Ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan lè bínú sí i pé ó tú àṣírí awo tó wọ̀. Ẹni tó ń kú lọ lójoojúmọ́ nítorí àṣírí náà yóò ní èrò tirẹ̀.

Ìwọ̀n Tó Yẹ Kí Wọ́n Gbé Ẹ̀rí Náà Lé

Síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi ìwọ̀n kan náà wọn iṣẹ́ Sapara. Ohun tí ẹnì kan rí nínú agbo kan ni ìròyìn rẹ̀. Ó fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Kò fi hàn pé ọ̀nà tí ṣọ̀pọ̀nná ń gbà tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Èémí aláìsàn ni àrùn náà ń bá rìn jù lọ, nínú agbo ilé tí ènìyàn kún sí, kò sì nílò ẹni tí yóò rán an níṣẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí òfin náà kò bojú wò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ọyún ojú egbò ṣọ̀pọ̀nná sínú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, àrùn tí yóò ṣe é kì í sábà le, kì í sì í padà mú un mọ́. Ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Onesimus, tí wọ́n kó láti Áfíríkà, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Cotton Mather, ọ̀gá rẹ̀, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná dé Boston ní 1721, dókítà Zabdiel Boylston dán an wò. Nínú àwọn tó lé ní 240 tí wọ́n gbẹ́ ní gbẹ́rẹ́ náà, 6 ló kú. Nínú àwọn tó lé ní 5,000 tí àrùn mú fúnra rẹ̀, 844 ló kú. Ọ̀kan lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn nìyẹn tí wọ́n fi iye òkú wé iye òkú láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú kan wúlò, ẹnu ọmọ Áfíríkà ni ìmọ̀ náà sì ti wá.

Nítorí náà, èépá kan náà tó jẹ́ ohun ìjà lọ́wọ́ ẹnì kan lè jẹ́ ààbò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kódà èyí tó jẹ́ ààbò léwu, nítorí ẹni tí wọ́n gbẹ́ ní gbẹ́rẹ́ lè kó àrùn gidi ran ará ilé rẹ̀. Láti mọ èyí tí àwọn àwòrò ń ṣe ní ibì kọ̀ọ̀kan, ó gba kí ẹnì kan jókòó ka iye ẹni tí wọ́n gbẹ́, iye tó yè àti iye tó kú. Ìjọba amúnisìn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n pa. Ìsìn náà wọ abẹ́lẹ̀, àrùn náà kò sì lọ. Bákan náà ló rí ní Dahomey, níbi tí àwọn ọba ti lé àwọn àwòrò Sakpata kúrò láàrin ìlú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ṣọ̀pọ̀nná kò dẹ̀yìn. Òpin tó dé bá a ní Nàìjíríà, ìbùpá tuntun tí ooru kì í tètè bà jẹ́ ló mú un wá, pẹ̀lú ọgbọ́n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní ìparí 1966: kí wọ́n wá aláìsàn kàn, kí wọ́n sì bu gbogbo àwọn tó yí i ká lápá. Oṣù Èbìbí 1970 ni wọ́n rí aláìsàn ṣọ̀pọ̀nná tó kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, ní 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé.

Ewé àti Egbò

Ẹni tó bá mọ Sapara nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ Ṣọ̀pọ̀nná nìkan lè rò pé ọ̀tá ìṣègùn ìbílẹ̀ ni. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́. Ó fi ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ wádìí ewé àti egbò, ó sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mọ̀ wọ́n. Kì í ṣe òun nìkan. Obadiah Johnson, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ dókítà ìjọba ní Èkó, ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè dókítà rẹ̀ ní Edinburgh ní 1889 lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èèpo igi ni kuníìnì fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì kọ́kọ́ mọ igi náà. Ohun tó yẹ kí Sapara béèrè ni pé igi mélòó ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ irú rẹ̀.

Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè náà. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fún alárùn ọpọlọ lò tipẹ́, ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ní àwọn ọdún 1950, oògùn yìí kan náà ni àwọn dókítà àgbáyé ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ. Òótọ́ ni àwọn baba rí. Ṣùgbọ́n reserpine tó pọ̀ jù lè fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀ débi ewu, ó sì lè mú kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ìkòkò agbo kì í sì í sọ iye tó wà nínú ife kan. Orin àtà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ àti ní ibòmíràn ní àwọn ọdún 1970 rí i pé omi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ alárùn fòníkú-fọ̀ladìde nínú ìgò àyẹ̀wò. Láti inú ìgò dé inú ara ènìyàn, ìrìn àjò ṣì kù.

Irinṣẹ́ tí Sapara ìbá fi rin ìrìn àjò náà kò tíì sí láyé nígbà ayé rẹ̀. Ikọ́ ife ni àpẹẹrẹ tó dára jù, nítorí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àrùn tó bá jà ní Èkó. Kò sí oògùn fún un nígbà náà, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Ilé tó há, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, ni Sapara dojú kọ, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n tún àwọn àdúgbò náà ṣe. Oògùn ikọ́ ife dé ní àwọn ọdún 1940. Ní 1948 ni wọ́n tẹ èsì àyẹ̀wò streptomycin jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n pín aláìsàn 107 sí ọ̀nà méjì láìjẹ́ kí dókítà yan ẹni tí yóò gba oògùn. Nínú 55 tó gbà á, 4 ló kú láàrin oṣù mẹ́fà. Nínú 52 tí kò gbà á, 14 ló kú. Irú pípín báyìí ni wọ́n ń béèrè fún oògùn tuntun lóde òní. Ó ti di ọdún 13 tí Sapara ti kú nígbà náà.

Bí àrùn lùkúlùkú ṣe wọ Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1918 tún fi ibi tí ìmọ̀ ìgbà náà dé hàn. Ìjọba ń yẹ ilé wò, wọ́n ń ya aláìsàn sọ́tọ̀, àwọn ará ìlú ń sá lọ sí oko. Kò sí dókítà kankan, dúdú tàbí funfun, tó ní oògùn tó ń wo àrùn náà sàn. Ẹni tó mu agbo tí ó yè, agbo ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba oògùn nílé ìwòsàn tí ó yè, ilé ìwòsàn ni yóò yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì ni ara wọn ìbá yá láìmu ohunkóhun.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti 1980, àjọ NAFDAC sì ń fún àwọn agbo inú ìgò ní nọ́ḿbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní Owódé Onírin gbà pé nọ́ḿbà náà jẹ́rìí pé agbo náà ń wo àìsàn tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbólóhùn kékeré kan sábà máa ń wà lára ìwé ìgò náà pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Èyí tí alágbo pọn láti inú ike kò tilẹ̀ ní gbólóhùn yẹn.

Ọdún Ìkẹyìn

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń jà títí di 1930. Ohun tí Sapara ti ń sọ nípa ilé tó há wá di ohun tí gbogbo ènìyàn rí. Ní 1928, ìjọba dá àjọ tí yóò wó àwọn àdúgbò tó há ní erékùṣù Èkó tí yóò sì tún wọn kọ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Sapara fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 32, láìgba ipò tó tọ́ sí i lábẹ́ òfin 1902. Ó kú ní oṣù Òkúdù ọdún 1935. Ṣọ̀pọ̀nná ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún náà, àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní Olóde, òfin tó de ìsìn rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìjọba.